Kí ni Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Ń Wá ní Ilé Ìwádìí Ètò Ààbò?

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Àbújá, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará kíláàsì mi ń bi mí: kí ni ẹni tó ń ka Yorùbá ń wá ní ilé ìwádìí ètò ààbò? Àwọn kan tiẹ̀ rò pé DSS ni mo bá lọ, wọ́n ní kí n má gbàgbé àwọn. Ìbéèrè náà tọ́, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí àyè wà fún wa níbẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Bí a kò bá sì sí níbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí àwọn aláṣẹ yóò máa kà nípa ìlú wa tí kò rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti IT fúnra rẹ̀. Ètò SIWES tí gbogbo wa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, àjọ ITF ló dá a sílẹ̀ ní 1973, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹni tó ń ka èdè tàbí ìtàn kò sí nínú rẹ̀. Kò sí olùbẹ̀wò tó ń bọ̀ wá wò ó, kò sì sí máàkì tó ń dúró dè é. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ lẹ́tà, òun ni yóò wá ibi tí yóò sùn, òun náà ni yóò ṣàlàyé fún àwọn òbí rẹ̀ ìdí tó fi fẹ́ lo gbogbo ìsinmi rẹ̀ níbi tí wọn kò ti ní san owó fún un. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi í gbìyànjú rẹ̀ rárá.

Orúkọ àwọn ilé ìwádìí yìí máa ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, wọn kì í mú ènìyàn. NIPSS ló gbajúmọ̀ jù. Kúrú, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, ló wà láti 1979. Àwọn ọ̀gá ológun, ọ̀gá ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà ló ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, àwọn ni ẹ máa ń rí tí wọ́n ń kọ “mni” sẹ́yìn orúkọ wọn. NIIA wà ní Victoria Island ní Èkó láti 1961, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀ láti 1975 sí 1983, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa ni. IPCR ní Àbújá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjà àti àlàáfíà. Òun ló ṣe ìwádìí ńlá tó jáde ní 2003 lórí àwọn ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá fẹ́ rìn jìnnà, Ìbàdàn wà nítòsí: NISER wà níbẹ̀, Institute for Peace and Strategic Studies wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, inú ọgbà kan náà sì ni IFRA wà, níbi tí Nigeria Watch ti ń ka iye ènìyàn tí ìwà ipá ń pa lórílẹ̀-èdè yìí láti oṣù kẹfà ọdún 2006. Ní Cocoa House, DAWN Commission ń rí sí ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá.

Èmi kò ní dárúkọ ibi tí mo lọ, nítorí ohun tí n óò sọ nípa owó nígbà tó bá yá.

Kíka ìwé ìròyìn ni iṣẹ́ àárọ̀. Àwa mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀, wọ́n pín Nàìjíríà láàárín wa, wọ́n sì fún mi ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ìwé ìròyìn tàbí rédíò bá gbé e pé ìjà ṣẹlẹ̀ níbì kan, n óò kọ ọ́ sínú Excel: ọjọ́, ìlú, ìjọba ìbílẹ̀, ta ló kọlu ta, iye ẹni tó kú, iye ẹni tó farapa, ohun tó bàjẹ́, ẹni tó gbé ìròyìn náà. Irú iṣẹ́ yìí ni ACLED ń ṣe fún gbogbo àgbáyé; àkójọ wọn lórí Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1997. Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà 1, 2 tàbí 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bóyá ìlú náà gan-an ni wọ́n mọ̀ tàbí agbègbè rẹ̀ nìkan. Bí ìròyìn méjì bá sì kọ iye òkú tí kò bára mu, èyí tó kéré ni wọ́n sábà máa ń mú. Ẹni tó bá ń wò wá lókèèrè yóò rò pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ìfọ́n. Ìfọ́n kan wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orolú. Ìfọ́n mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Olúfọ́n ni wọ́n ń pe ọba ìlú méjèèjì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti ìpínlẹ̀ Oǹdó lójú ọ̀nà. Nínú àkójọ àtijọ́ tí mo bá níbi iṣẹ́, “Ifon” lásán ni wọ́n kọ sí àwọn ìlà kan, láìsí ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ní Àbújá tó ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ìròyìn ìjà ilẹ̀ ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, kí ló máa rò? Yóò rò pé ìjà ilẹ̀ ti le débi pé wọ́n ti pa ọba sí i. Bí ẹni náà bá jẹ́ ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ibi tí wọ́n máa kó sójà lọ, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré mọ́.

Ti Ẹ̀rìn tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni tiwa. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já láti orí àpáta, ìlú mìíràn ni, Ẹ̀rìn-Òkè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni gbogbo wọn wà, nítorí náà bí a tilẹ̀ kọ ìpínlẹ̀ sí i, kò tíì tó. Bí wọ́n bá sì yọ àmì orí ọ̀rọ̀ kúrò, ẹranko ni orúkọ ìlú wa dà lójú ẹni tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tún orúkọ ìlú kọ, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lé lórí tó ìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ agbègbè wa: Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun sún mọ́ ara wọn débi pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kò ní tètè mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Òṣogbo kò jìnnà sí wọn. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, abẹ́ rẹ̀ ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun wà. Olobùú jọba ní Ìlobùú, Olúfọ́n ní Ìfọ́n, Ẹlẹ́rìn ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá ka ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní kíláàsì mọ Ìlobùú mọ́ Erinlẹ̀, ó mọ Ìfọ́n mọ́ Òrìṣà Olúfọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlù mọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun mọ́ àwọn Àyàn. Ibẹ̀ ni Lámídì Àyánkúnlé, tó gbé bàtá dé Jámánì, ti wá. Ìlobùú ni Ulli Beier àti Susanne Wenger gbé kí wọ́n tó kó lọ sí Òṣogbo. Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Ohun tí kò sí nínú ìwé tí a ń kà ní kíláàsì ni pé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tó ti wà láàárín wọn tipẹ́ ti di ohun tí wọ́n ń yìnbọn sí, tí wọ́n ń jólé sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè kéde kónílé-ó-gbélé ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n lè fún ìjọba ìbílẹ̀, Irẹ́pọ̀dùn ló bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mí. Ìfọ́n ni wọ́n ti gbé ìyá mi wá sílé bàbá mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fáìlì ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kalẹ̀, mo sọ ọ́ fún ọ̀gá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kó tó bi mí. Mo rò pé wọ́n máa gba fáìlì náà lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: “Ó dára. O kò ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ sọ̀rọ̀, o kò ní kọ ìmọ̀ràn kankan. Èdè ni kó o bá wa mójú tó. Ohun tó o bá sì túmọ̀, ẹlòmíràn tí kì í ṣe ará ibẹ̀ yóò tún un gbọ́.” Ìlànà tó dára nìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ béèrè fún un níbikíbi tí ẹ bá lọ. Ẹni tó bá pa á mọ́ pé ọmọ ìlú lòun, bí wọ́n bá padà mọ̀, gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe ni wọn yóò kó dànù, títí kan èyí tó ṣe dáadáa.

Ìwé ìròyìn kò tó fún irú iṣẹ́ yìí. Àwọn olùwádìí ti gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní Yorùbá, wọ́n fẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni níbí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ ni n óò fi ṣàlàyé, ẹ óò sì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ẹ mú “ilé”. Bí ẹnì kan bá ní wọ́n jó ilé àwọn, ilé mélòó ló jóná? Ó lè jẹ́ ilé kan tó ní yàrá mẹ́rin. Ó sì lè jẹ́ agbo ilé, tí ìdílé bíi mẹ́wàá ń gbé. Nínú Excel, àyè kan ló wà fún nọ́ńbà, ẹni tí kò bá sì bi í léèrè yóò kọ 1. Ẹ mú “wọ́n ti gbé e lọ”. Sí ilé ìwòsàn ni, sí àgọ́ ọlọ́pàá ni, tàbí wọ́n ti lọ sin ín? Yorùbá kì í fẹ́ la ọ̀rọ̀ ikú mọ́lẹ̀ nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù, nítorí náà gbólóhùn kan ṣoṣo lè wọ inú ọ̀wọ́ òkú, ti ẹni tó farapa, ti ẹni tó sọnù àti ti ẹni tí wọ́n mú. Ẹ mú “ogun” pàápàá. Ìyá àgbà kan lè sọ pé ogun dé ní alẹ́ ọjọ́ kan, ohun tó ní lọ́kàn sì ni pé ariwo sọ, àwọn ènìyàn sì ń sá. Bí atúmọ̀ èdè bá kọ “war”, ó ti sọ ọ̀rọ̀ tí màmá kò sọ. Bí ó bá sì kọ “noise”, ó ti fi ẹ̀rù tó bà wọ́n ṣeré.

Èyí tó gba àkókò wa jù ni “àlejò”. Nínú ìjà ilẹ̀ níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ kò ní ṣàìgbọ́ ọ: àwọn wọ̀nyẹn, àlejò ni wọ́n, àwa la fún wọn nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí “settler”. Ẹni tó ń ka ìmọ̀ òṣèlú ni, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé tó kà ló mú. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà yìí, ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti ń bọ̀. Ìjà Jọ́ọ̀sì ti 2001, 2008 àti 2010 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń kọ ìwé ètò ààbò. Bí wọ́n bá ti rí i, ẹ̀yà méjì àti ẹ̀sìn méjì ni wọ́n ń wò lójú ọkàn wọn, àti àwọn tí kò ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn ìlú wa kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè kan náà ni, àna ara wa ni wá, ẹni tí wọ́n ń pè ní àlejò lè ti lo ju igba ọdún lọ kó sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àlejò ní ẹ̀tọ́ nínú àṣà wa. Ẹni tó gbà á ni ojúṣe láti bọ́ ọ, kó sì dáàbò bò ó. Gbogbo ìyẹn ni “settler” gé sọ nù.

Mo ní kí a fi “àlejò” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, kí a ṣe àlàyé ìlà mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé. Ọ̀gá wa ní mínísítà kì í ka ìsàlẹ̀ ojú-ewé. A fa ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ méjì. Níkẹyìn, a kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn tí apá kejì sọ pé àwọn ló fún nílẹ̀. Ó gùn, kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó hàn pé ẹ̀sùn tí ẹnì kan fi kan ẹnì kejì ni, pé ilé ìwádìí kò tíì gbà á. Lójú tèmi, gbogbo ẹ̀kọ́ nípa ìtumọ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní ọdún kẹta wà nínú gbólóhùn kan yẹn.

Àwa tí a ń ka lítíréṣọ̀ alohùn tún ní nǹkan mìíràn tí a lè mú lọ. Bí o bá ti béèrè ohun tó fa ìjà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún ọ ni ẹni tó kọ́kọ́ dé: ọdẹ wo ló tẹ ìlú dó, odò wo ló bá, ta ló wá bá a níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé àròbá lásán ni, yóò fò ó. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù, bíi tiwa, yóò gbà á bí ó ti rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ní kíláàsì: lójú òfin Nàìjíríà, ìtàn yẹn jẹ́ ẹ̀rí ilẹ̀. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Nítorí náà, nígbà tí bàbá kan bá jókòó tó ń pìtàn ìlú rẹ̀ fún ọ, tó o gbé fóònù sí iwájú rẹ̀, ó mọ̀ pé ohun tóun ń sọ lè dé kóòtù lọ́jọ́ kan. Ìtàn náà lè jẹ́ òótọ́. Ó ti yàtọ̀ sí èyí tó máa pa fún ọmọọmọ rẹ̀.

Bí ìtàn méjì bá wá takora ńkọ́? Ẹjọ́ kan wà láti Gold Coast ní 1957, Kojo II àti Bonsie, tí àwọn adájọ́ wa ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní. Ohun tó sọ ni pé bí àwọn méjèèjì bá ń pa ìtàn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn, ẹni tó mọ̀ ọ́n pa jù kọ́ ni kí adájọ́ gbà gbọ́. Kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn tó ṣì wà láyé: ta ló ń dáko síbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń gba àṣẹ kí wọ́n tó kọ́lé tàbí kí wọ́n tó sìnkú. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí fún ìwádìí. Ṣùgbọ́n fún àlàáfíà, ó ní ewu tirẹ̀: bí gbogbo ènìyàn bá ti mọ̀ pé ẹni tó ń lo ilẹ̀ ni kóòtù máa wò, wọn yóò máa sáré lọ kọ́lé síbẹ̀, àwọn ará òdìkejì yóò sì máa sáré lọ wó o.

Ibi tí “ààlà” ti wọlé nìyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ààlà oko, ààlà ìlú àti ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Lójú ìjọba, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. National Boundary Commission, tó ti wà láti 1987, ń rí sí ààlà láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ àti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ti inú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, ìgbìmọ̀ ààlà ìpínlẹ̀ tí igbákejì gómìnà ń darí ló ni ín. Ìlà tó wà láàárín Irẹ́pọ̀dùn àti Orolú kò sọ ẹni tó ni oko kankan, ó kàn sọ ìjọba ìbílẹ̀ tó máa gbálẹ̀ ọjà ni. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá kéde lórí rédíò ní Yorùbá pé àwọn ń bọ̀ wá pa ààlà, kí ni ará oko yóò gbọ́? Yóò gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ rántí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́: ohun tó dáná ìjà 1997 sí 2000 sílẹ̀ ni ibi tí wọ́n máa fi olú-iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn sí. Ọ́fíìsì ni ìjọba ń pín, ilẹ̀ baba ni àwọn ènìyàn gbọ́.

Mo kọ ìpínrọ̀ méjì lórí èyí. Nínú ìwé ìmọ̀ràn olójú-ewé mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní policy brief, ó di gbólóhùn kan: pé kí ìjọba máa ṣàlàyé ní èdè ìbílẹ̀ irú ààlà tó fẹ́ pa kó tó rán àwọn awọ̀nlẹ̀ lọ. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó máa ka ìwé náà lè má ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, inú ọkọ̀ ni yóò sì ti kà á.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló kù, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, wọ́n lè ní kó o tọwọ́ bọ̀wé lábẹ́ òfin àṣírí ìjọba ti 1962. Ní ìpàdé, wọ́n lè sọ pé Chatham House Rule ni àwọn ń tẹ̀ lé. Láti 1927 ni ìlànà yẹn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé o lè lo ohun tó o gbọ́, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́. Ìwọ̀nyẹn ń dáàbò bo àwọn ọ̀gá. Àwọn tí mo ń bẹ̀rù fún ni àwọn tó sọ̀rọ̀ sínú fóònù nílé wọn.

Ilé-iṣẹ́ wa ti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Wọ́n ti yọ orúkọ gbogbo ènìyàn kúrò, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí Yorùbá ṣe ń kíra wọn. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan nínú ilé yóò ki bàbá náà, yóò pe oríkì rẹ̀, yóò sì fi oríkì orílẹ̀ rẹ̀ lé e. Lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ìkíni ni. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń tọ́jú, nọ́ńbà sì wà lókè rẹ̀ dípò orúkọ. Nínú ìlú tí kò tóbi, oríkì orílẹ̀ tó bá pé dáadáa lè mú ọ dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé ẹni náà. Bí o bá fi oríkì àbísọ kún un, o ti dé yàrá rẹ̀. Ìlù pàápàá ń sọ̀rọ̀. Bí onílù bá wà nítòsí nígbà tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, ará ìlú tó bá gbọ́ ọ lè mọ ẹni tó ń kí. Ní ibi tí wọ́n ti jólé ara wọn, tí bàbá kan sì ti sọ fún àwọn olùwádìí ohun tó rí àwọn ọmọ ìlú òun fúnra wọn tí wọ́n ṣe, ẹ mọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè fà bó bá jáde.

Mo mú un lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n ní kí n túmọ̀ ọ̀kan fún àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi dá mi dúró. Ọjọ́ mẹ́ta la fi yọ gbogbo oríkì, orúkọ ọjà, orúkọ ojúbọ àti orúkọ oyè ilé kúrò. Wọ́n kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn tó lè mọ̀ pé oríkì jẹ́ àdírẹ́sì. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyẹn.

Àwọn ìbátan mi náà ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa nígbà náà, àwọn kan sọ ohun tó ju ti àwọn olùwádìí lọ. N kò gbé ọ̀kankan lọ síbi iṣẹ́. Wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣèwádìí, èmi ọmọ wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Nípa owó: kọ́bọ̀ ni wọn kò fún wa. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Màràrábá ni mo gbé, agogo márùn-ún ààbọ̀ ni mo ń jáde nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, owó ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ohun tí mo mú wá láti ilé. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni tí kò ní ìbátan ní Àbújá kò lè ṣe irú IT yìí, bó ti wù kó gbọ́ èdè tó, àwọn ìlú tí ìjà wà sì kún fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka wa, tí ẹ ní ilé ní Àbújá tàbí Èkó, yàrá kan fún oṣù mẹ́ta lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan débẹ̀. Ẹni tó bá ti gba dìgírì, kó wo òkèèrè pẹ̀lú: ISS ní Pretoria tó ní ọ́fíìsì ní Dakar, àti African Leadership Centre tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmi Ọlọ́nìṣakin dá sílẹ̀ ní 2010, láàárín Nairobi àti King's College ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà, ẹ má kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ ìyẹn. Ẹ sọ èdè tí ẹ gbọ́ àti ẹ̀ka èdè tí ẹ gbọ́: Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, Èkìtì, Oǹdó. Ẹ sọ pé ẹ lè kọ ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ ojú-ewé méjì kún un, Yorùbá ní ọ̀tún, Gẹ̀ẹ́sì ní òsì, láti inú ètò rédíò tí gbogbo ayé ti gbọ́, kó má jẹ́ ohùn ẹni tí kò yọ̀ǹda. Ẹ gba lẹ́tà ìdánimọ̀ láti ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka kí wọ́n tó lọ ìsinmi. Tèmi pé oṣù méjì kó tó ní èsì, mo sì ti kọ sí ibi mẹ́fà.